Owó Àtijọ́ Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ní owó onírin kan lọ́wọ́, ẹ mú un jáde kí ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ fránkì 5, fránkì 10 tàbí fránkì 25. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń fi irú owó yìí ra àkàrà tàbí súìtì láì wo ohun tí wọ́n yà sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yí owó náà síwá sẹ́yìn. Wọ́n á ka ọdún tí ó wà lára rẹ̀. Wọ́n á béèrè pé: Níbo ni owó yìí ti wá? Ta ni ó ti ná an rí?

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa kíkó owó jọ. A ó mọ ìdí tí àwọn kan fi ń wá kìkì owó tí ó ń dán. A ó sì mọ ìdí tí owó tí ó ti gbó fi lè dùn mọ́ ni ju èyí tí ó ń dán lọ.

1. Kí ni kíkó owó jọ?

Kíkó owó jọ yàtọ̀ sí fífi owó pamọ́. Ẹni tí ó ń fi owó pamọ́ ń retí ọjọ́ tí òun yóò ná an. Bí màmá yín bá ń ju fránkì 100 sínú kólò lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ pé aṣọ ọdún tàbí owó ilé-ìwé ni ó ń wá. Kò kàn án bóyá fránkì 100 náà jẹ́ tuntun tàbí ó ti gbó. Iye kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kó owó jọ kò fẹ́ ná an. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ó ń to owó ní ọdọọdún, tàbí kí ó tò ó gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí owó kọ̀ọ̀kan ti wá, bí ẹlòmíràn ti ń to sítáǹbù tàbí àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù.

2. Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá owó tí ó ń dán?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe owó onírin. Wọ́n á gé irin pẹlẹbẹ ní róbótó. Wọ́n á fi í sáàárín òǹtẹ̀ méjì tí a fi irin líle ṣe. Òǹtẹ̀ kan ní àwòrán iwájú lára, èkejì sì ní àwòrán ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ á wá tẹ òǹtẹ̀ méjèèjì mọ́ irin náà pẹ̀lú agbára ńlá. Nígbà tí owó náà bá jáde, gbogbo ìlà ara rẹ̀ á hàn kedere, á sì máa dán yanran.

Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ ọjà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Yóò máa ha ara owó mìíràn nínú àpò. Yóò máa bọ́ sílẹ̀. Òógùn ọwọ́ yóò máa kàn án. Díẹ̀díẹ̀, irun orí tí wọ́n yà sí i lára á parẹ́, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ọdún.

Nínú èdè Faransé, coin ni orúkọ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná rí ní fleur de coin, bí ẹni pé òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná láti ara òǹtẹ̀. Wọ́n ní orúkọ fún àwọn owó yòókù pẹ̀lú: splendide, superbe, très très beau, très beau, beau. Ẹ mọ̀ pé beau túmọ̀ sí ohun tí ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ: owó tí wọ́n bá pè ní beau ti gbó gan-an ni.

Ní Amẹ́ríkà, máàkì ni wọ́n ń fún owó, bí olùkọ́ ti ń fún yín ní máàkì nínú ìdánwò. Ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Sheldon ni ó gbé ìlànà náà kalẹ̀ ní ọdún 1949. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì parí sí 70. Owó tí ó gbó débi pé agbára káká ni a fi ń dá a mọ̀ gba 1. Owó tí kò ní àbàwọ́n kankan gba 70. Lónìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń yẹ owó wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì, tí wọ́n sì ń tì í mọ́ inú ike. Ìyàtọ̀ máàkì kan péré lè mú kí owó kan wọ́n ju èkejì lọ ní ìlọ́po púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ náà.

Máàkì yìí wúlò. Ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tà àti ti ẹni tí ó ń rà yé ara wọn, pàápàá bí wọ́n bá jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ó lè ba ayọ̀ ẹni jẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń wá èyí tí ó dára jù lọ nìkan kì í ní ìtẹ́lọ́rùn. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tó o. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

3. Owó ìyá mi àgbà

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ ní Atakpamé. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó o sí. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa fi ìwé aláwòrán kan hàn mí. Owó inú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ó ní, "Owó tí kò bá dán, kò já mọ́ nǹkan kan." Mo gbà á gbọ́. Mo kó gbogbo owó dúdú inú agolo mi, mo fi wọ́n ra súìtì.

Ìyá mi àgbà ní sántíìmù 50 kan, èyí tí í ṣe ààbọ̀ fránkì. Etí ìró rẹ̀ ni ó máa ń so ó mọ́. Ọdún 1925 ni ó wà lára owó náà. Nígbà tí ìyá àgbà wà ní ọmọdé, ó máa ń ta iṣu sísun fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Agbonou. Owó yẹn ni owó onírin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí ó má ná an, kò sì ná an.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó sùn, mo rọra tú u. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo rò pé inú ìyá àgbà yóò dùn. Nígbà tí ó jí, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ojú ìyá àgbà kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Ó fi àtàǹpàkò pa owó náà lára. Ó tún pa á lára lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe tèmi. Tèmi dà?"

Mo dáhùn pé, "Ìyá àgbà, òun náà ni. Mo bá yín fọ̀ ọ́ ni."

Kò bú mi. Ó kàn sọ pé, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin tí ó wà lára tèmi a máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí ń ha mí lọ́wọ́."

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ ni ìyá àgbà fi ń mọ owó rẹ̀, kì í ṣe ojú. Nǹkan bí ọdún 50 ni àtàǹpàkò rẹ̀ fi ń pa ojú kan náà lára owó yẹn, títí ibẹ̀ fi yọ̀ bí òkúta inú odò. Iyanrìn mi sì bà á jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tún so owó náà mọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tún rí i kí ó mú un lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo pa agolo mi tì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Nígbà tí ìyá àgbà kú, àwọn ẹbí ní kí n mú owó náà. Mo gbé e sọ́wọ́, mo sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò kà á rí. Dídán rẹ̀ nìkan ni mo ti ń wá.

4. Ohun tí owó ilẹ̀ wa ń sọ

Ní iwájú owó náà, orí obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó dé adé ewé. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé pé: Territoires sous mandat de la France, Togo. Kí ni ìtumọ̀ èyí? Bí a bá to owó ilẹ̀ wa tẹ̀léra, yóò yé wa.

Owó ẹyọ ni ó kọ́kọ́ wà. Ikarahun ẹran omi kékeré kan ni. Láti erékùṣù Maldives ní Òkun Índíà ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó púpọ̀ nínú wọn wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń sín ẹyọ 40 sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ 2,000, èyí tí à ń pè ní ẹgbàá. Ẹgbàá 10 jẹ́ 20,000, òun sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹrù ńlá ni ọ̀kẹ́ kan jẹ́ fún ẹni tí yóò rù ú. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò tún kó ẹyọ púpọ̀ wá láti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹyọ wá pọ̀ jù lọ́jà, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Lónìí, a kì í fi ẹyọ rajà mọ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí i lára aṣọ àti irun, àti lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ẹyọ 16 dá ẹẹ́rìndínlógún.

Ní ọdún 1884, àwọn Jámánì dé. Wọ́n mú owó tiwọn wá, èyí tí ń jẹ́ máàkì àti féníìgì. Wọ́n ya ẹyẹ idì sí ara rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣe ojú irin láti Lomé wá sí Atakpamé. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí Kamina, nítòsí ìlú wa, kí wọ́n lè máa bá ilé wọn ní Jámánì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé gbógun wọ Tógò. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn Jámánì fúnra wọn wó ilé wáyálẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n pín Tógò sí méjì. Apá kan bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, apá kejì, níbi tí Atakpamé wà, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní ọdún 1922, àjọ tí wọ́n ń pè ní Société des Nations fi òǹtẹ̀ lu ètò náà. Wọ́n ní kí Faransé máa bójú tó ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ ara owó ìyá àgbà ń sọ nìyẹn. Láàárín ọdún 1924 sí 1926, wọ́n tẹ owó pupa rúsúrúsú bẹ́ẹ̀ ní Paris fún Tógò. Oríṣi mẹ́ta ni: sántíìmù 50, fránkì 1 àti fránkì 2. Gbogbo ọ̀rọ̀ ogun àti àdéhùn àwọn ìjọba ńlá yìí ni ọmọbìnrin oníṣu kan ń so mọ́ etí ìró ní Agbonou!

Ní ọdún 1948, wọ́n tún tẹ fránkì 1 àti fránkì 2 fún Tógò. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n fúyẹ́ gan-an. Orí ẹranko oníwo gígùn kan tí ó jọ àgbọ̀nrín wà lára wọn. Ní ọdún 1957, fránkì 10 àti fránkì 25 jáde. Orúkọ méjì ni ó wà lára wọn: Afrique Occidentale Française àti Togo. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Tógò gba òmìnira, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960.

Owó tí ẹ ń ná lónìí ńkọ́? BCEAO ni ó ń ṣe é. Òun ni báńkì tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ní. Ẹ wo ara fránkì 100. Ẹ ó rí ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí ayùn. Àwọn Akan ní ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire ni wọ́n máa ń fi idẹ rọ irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, láti fi wọn ìyẹ̀fun wúrà. Ohun ìwọ̀n àwọn baba ńlá ni ó wá di àmì owó. Lára fránkì 5, ẹ ó rí orí ẹranko oníwo yẹn náà. Lára fránkì 10, ẹ ó rí àwọn ènìyàn tí ń pọn omi.

Ẹ kò ní rí orúkọ Tógò lára owó onírin yìí, nítorí òun kan náà ni wọ́n ń ná ní Cotonou àti ní Dakar. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó oníbébà. Lẹ́tà kan wà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. T ni ti Tógò, B ni ti Bẹ̀nẹ̀, K ni ti Sẹ̀nẹ̀gàl, A sì ni ti Côte d'Ivoire. Bí ẹ bá rí owó tí ó ní lẹ́tà K ní ọjà Atakpamé, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni ó ti rìn wá.

5. Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó owó jọ rí. Ẹ kò nílò owó ńlá kí ẹ tó lè ṣe é.

Ẹ fi pẹ́ńsù mú àwòrán owó. Ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé owó lórí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù pa orí bébà náà jẹ́jẹ́. Àwòrán owó á yọ síta. Owó á padà sọ́wọ́ màmá yín kí ó lè fi ra ata, àwòrán rẹ̀ á sì di tiyín. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹbí yín kò ní pàdánù fránkì kan.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọdún tí ó wà lára owó náà, ohun tí wọ́n yà sí i, àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ni ín bá sọ nípa rẹ̀.

Ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ẹnì kan lè máa wá fránkì 25 ti ọdọọdún. Ẹlòmíràn lè máa wá owó tí ẹranko wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn lè máa wá owó ọdún tí wọ́n bí òun, tàbí ọdún tí wọ́n bí ìyá rẹ̀.

Ẹ má fi ohunkóhun ha owó àtijọ́. Ẹ má fi iyanrìn, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Àwọ̀ dúdú tí ó bo owó ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá ha á kúrò, kò ṣe é dá padà. Àwọn tí ń ra owó àtijọ́ pàápàá kì í san púpọ̀ lórí èyí tí wọ́n bá ti ha.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun àgbà. Owó tí ó wà ní ojú òrìṣà, ní ojú oórì tàbí nínú àpótí ẹlòmíràn kì í ṣe tiyín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì gbọ́. Owó lè wà lọ́dọ̀ wa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìtàn rẹ̀ lè lọ lọ́la.

Sántíìmù 50 ìyá àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àpá iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ń fún owó ní máàkì kò ní fún un ní máàkì gidi kankan. N kò tì í mọ́ inú ike. Lọ́dọọdún ni mo máa ń mú un wá sí kíláàsì, tí mo sì máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ojú rẹ̀, kí ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó ha owó náà lára, mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan wí fún mi pé, "Olùkọ́, ó ti ń yọ̀ díẹ̀."

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

òǹtẹ̀: irin tí a fín àwòrán sí, tí a fi ń tẹ àwòrán náà sára nǹkan mìíràn
kólò: ohun tí a ń ju owó pamọ́ sí, tí ó ní ihò tóóró lórí
àbàwọ́n: ohun tí ó ba ẹwà nǹkan jẹ́
ọ̀kẹ́ kan: owó ẹyọ 20,000
juwọ́ sílẹ̀: láti gbà pé a kò lè jà mọ́

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkó owó jọ àti fífi owó pamọ́?
2. Kí ni àwọn Faransé ń pè ní fleur de coin?
3. Báwo ni ìyá àgbà ṣe mọ̀ pé owó rẹ̀ ti yí padà?
4. Okùn ẹyọ mélòó ni ó wà nínú ọ̀kẹ́ kan? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.
5. Kí ló dé tí orúkọ Tógò kò fi sí lára owó onírin tí a ń ná lónìí?
6. Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ fi pẹ́ńsù mú àwòrán owó onírin mẹ́ta nílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín ohun tí wọ́n fi fránkì 25 rà nígbà èwe wọn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sábẹ́ àwòrán náà.